Dora àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Erinje

Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún tí Dora fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá káàdì ní Ilé Ìwòsàn Ìtura, l'Ókìtìpupa, káàdì kan ṣoṣo ló sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta ló rí i, ó ti bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Títí di òní, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ìyá Tẹniọlá, bí wọ́n ṣe ń pè é, bá dé ọ̀run, yóò ní kí àwọn áńgẹ́lì kó ìwé orúkọ jáde kí òun bá wọn tò ó. Kì í bínú. Ọmọ Philemon ará Erinje ni, ọkùnrin tó máa ń fi ẹfun kọ nọ́ḿbà sára gbogbo kẹ́ẹ̀gì epo tó bá kúrò ní ẹbu rẹ̀, tó sì lè sọ fún ọ láìwo ìwé pé kẹ́ẹ̀gì kẹrìnlá ló jò ní ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. "Ohun tí kò bá ní ààyè kò ṣeé wá," ni Philemon máa ń wí. Nígbà tó kú, oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan àti ọ̀rọ̀ yìí ni Dora jogún. Ọ̀rọ̀ náà ló ń lò jù.

Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa kí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó kàn án. Àwọn ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́jọ ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbó débi pé bí o bá tan ọ̀kan, o lè lọ bu omi mu kí o sì padà wá bá a níbi tó ti ń nàró. Agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Adéìfẹ́, ọmọ Iléṣà, ló pa gbogbo ohun tó wà nínú wọn rẹ́, tó sì fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Ọmọ ìdílé Unix, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ni Linux. Ó fúyẹ́, kì í béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ arúgbó. Nígbà tí Adéìfẹ́ ń wá ẹni tí yóò kọ́ kó tó lọ, àwọn ọ̀dọ́ ilé ìwòsàn ní àwọn kò lè jókòó máa tẹ ọ̀rọ̀ funfun sójú dúdú láàárọ̀ títí dalẹ́. Dora nìkan ló gbé àpótí ìjókòó kan wá, tó sì ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle kan.

"Màámi," ni Adéìfẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ, "kọ̀ǹpútà yìí kì í bá èèyàn yodì. Bí nǹkan bá ń ṣe é, ó máa ń sọ. Ẹ ṣáà bi í, kí ẹ sì ka ohun tó bá sọ dé ìlà ìparí."

Dora kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Láti ìgbà náà ló ti di olùtọ́jú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé yàrá káàdì, bẹ́ẹ̀ ni àga rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Orí àpótí ló ń jókòó sí nídìí kọ̀ǹpútà, bí àlejò tí kò ní í pẹ́ lọ.

Ohun tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Erinje ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfúnmilọ́lá. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka kékeré kan ní Erinje, níbi tí Sista Vivian, agbẹ̀bí, ti ń tọ́jú àwọn aboyún. Kò sí ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Sista yóò gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, Desmond ọlọ́kadà yóò gbé e wá sí Òkìtìpupa nínú kúlà, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò tẹ èsì rẹ̀ sórí ìwé, Desmond yóò sì gbé ìwé náà padà nígbà tó bá tún ń lọ, ìyẹn sì lè jẹ́ ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹrin. Lọ́jọ́ kan, òjò ká Desmond mọ́ ojú ọ̀nà. Íńkì tó wà lórí èsì Olúfúnmilọ́lá ṣàn pọ̀, kò sẹ́ni tó lè kà á. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú obìnrin náà. Ó tún ní láti ti oko rìn wá kí wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá kí Sista tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n Dora rí déètì méjèèjì lórí káàdì rẹ̀, ti ìgbà àkọ́kọ́ àti ti ìgbà kejì, àlàfo ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn, kò sì lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n máa ya èsì ní fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Sista Vivian kọ̀ jálẹ̀.

"Fóònù ta ni? Èyí tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣe géèmù yìí? Èsì aláìsàn, inú fáìlì ni ààyè rẹ̀."

Dora fẹ́ràn gbólóhùn náà. Ó dà bíi pé Philemon ló sọ ọ́. Ó wá pinnu pé ìwé kò ní í gun ọ̀kadà mọ́. Òkìtìpupa ni wọn yóò ti tẹ èsì, Erinje ni yóò ti jáde.

Ó gbé láptọ́ọ̀pù kan tí ojú rẹ̀ ti sán lọ sí Erinje, ó fi Linux sínú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ọ́fíìsì kò lò mọ́ tì í. Rọ́tà kékeré kan tó ní síìmù nínú ló ń fún gbogbo wọn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oṣù méjì ló fi ka ìwé ìtọ́nisọ́nà tó wà nínú Linux fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, tòun ti díkíṣọ́nárì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan láàárín kọ̀ǹpútà Òkìtìpupa àti láptọ́ọ̀pù Erinje, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wo èsì aláìsàn lójú ọ̀nà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo CUPS, ètò tó máa ń gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tó ń tò wọ́n sórí ìlà, tó sì ń kó wọn lọ bá ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò tó mọ ìlà tò: Dora gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn ará yàrá àyẹ̀wò kò ní ju kí wọ́n yan orúkọ "erinje" bí wọ́n bá fẹ́ tẹ èsì.

Lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ jáde, Sista Vivian pariwo nínú fóònù. "Mà! Ó ń bọ̀ o! Ó ti yọ orí bí ọmọ!"

Desmond náà gbọ́. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àṣíborí rẹ̀ há abíyá. "Ìyá Tẹniọlá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ìwé nìkan ni mo gbà, Desmond. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ọ."

"Kí Ọlọ́run má ṣáà fi wáyà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá hàn yín!"

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lónìí èsì á jáde, lọ́la kò ní í jáde. Sista á pè, yàrá àyẹ̀wò á tún un tẹ̀. Sista á tún pè, wọ́n á tún un tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń tò sórí ìlà, ó ń dúró. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ náà ṣàdédé jí, èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ bàbá àgbẹ̀ kan sì jáde nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, títí ìwé fi tán nínú rẹ̀. Dora ní kí Sista fi ọ̀kan sínú fáìlì, kó sì dáná sun ọgbọ̀n yòókù. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde. Láti ọjọ́ náà, Ọgbọ̀n-Lé-Kan ni Desmond ń pe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà.

Ìròyìn dé etí Dókítà Ọláṣùpọ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù fún ohun tí kò bá ti ní ọjọ́ ìparí. Ó ránṣẹ́ pe Dora lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà gan-an.

"Ìyá Tẹniọlá, oṣù kan ti kọjá tí ẹ̀rọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la burú ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ mọ̀ pé Desmond lòun ń retí. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ àwọn aboyún ní Erinje, àbí? Bí èsì wọn bá jáde lọ́jọ́ náà, ó dáa. Bí kò bá jáde, ẹ pa á tì. Kí Desmond máa gbé ìwé rẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin náà padà sí yàrá káàdì."

"Mo gbọ́, sà."

Kì í ṣe yàrá káàdì ló ń bà á lẹ́rù. Kò síbi tó fẹ́ràn tó o. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni déètì méjèèjì yẹn, àti pé bí òun bá pa á tì, òjò tún ń bọ̀.

Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle. Gbogbo ọjọ́ tí èsì jáde wà níbẹ̀, àti gbogbo ọjọ́ tí kò jáde, pẹ̀lú aago wọn. Ó fa ìlà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ "Òjò" sókè rẹ̀, ó sì pe Sista Vivian kó bá òun rántí. Bí wọ́n ṣe ń kà á, ojú rẹ̀ ń là. Ọjọ́ mọ́kànlá ni èsì kò jáde, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí òjò kò ti kọ́kọ́ rọ̀ ní Erinje.

"Mo ti sọ fún yín, Mà," ni Sista wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í fẹ́ràn òjò."

Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Dora náà ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé láwọn ọjọ́ mọ́kànlá wọ̀nyẹn, òun jókòó sí Òkìtìpupa òun sì gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wọ inú láptọ́ọ̀pù Erinje láìsí ìdíwọ́. Bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, báwo ni òun ṣe dé ìloro?

Ó wọ inú láptọ́ọ̀pù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè.

Nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo ẹ̀rọ ló ní nọ́ḿbà, bí ilé ṣe ń ní nọ́ḿbà ládùúgbò. Rọ́tà ló ń pín in fún wọn bí wọ́n bá ṣe ń wọlé. Nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbà lọ́jọ́ tí Dora gbé e síbẹ̀ parí sí mẹ́tàlélógún, nọ́ḿbà yẹn ló sì sọ fún CUPS pé kó máa kó iṣẹ́ lọ bá. Òjò tún ti rọ̀ ní Erinje lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rọ sì ti tún dákẹ́. Dora kan ilẹ̀kùn nọ́ḿbà mẹ́tàlélógún. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ẹni kan dáhùn.

Ó tún kàn án. Wọ́n tún dáhùn. Onítọ̀hún wà nílé, àmọ́ kò gba ìwé.

Ó rántí ohun kan. Yàtọ̀ sí nọ́ḿbà tí rọ́tà ń pín, gbogbo ẹ̀rọ ló ní àmì kan tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí kì í jọ ti ẹlòmíràn, bí ìlà ìka ọwọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sí Erinje, ó yí i dojú bolẹ̀, ó sì da àmì abẹ́ rẹ̀ kọ, kìkì nítorí pé kò lè rí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kó má dà á kọ. Ó wá ní kí láptọ́ọ̀pù sọ àmì ẹni tó ń dáhùn ní nọ́ḿbà mẹ́tàlélógún. Ó fi ìka tẹ̀lé e lójú ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Wọn kò jọra rárá.

"Hẹn ẹn," ni Dora wí fún ara rẹ̀. "Onílé ti kó jáde. Ayálégbé ló ń dá mi lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gun ọ̀kadà Desmond lọ sí Erinje.

"Ẹ ń lọ wo Ọgbọ̀n-Lé-Kan ni?" ni Desmond bi í.

"Wo ọ̀nà níwájú rẹ."

Bàbá Ambrose, tó ń ṣọ́ ẹ̀ka náà, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Òun àti Philemon jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí ni, ó sì ṣì ń pe Dora bó ṣe ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé. "Dora ọmọ Philemon! Ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ tó ń tọ̀ nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n!"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀."

Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò. Ẹ̀rọ tún ti ṣàdédé jí lóru, èsì méjì sì jáde dáadáa láàárọ̀ yẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, sánmà dúdú láti ìhà odò, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ wọlé. Bàbá Ambrose dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó yọ wáyà fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó yọ ti fáànù, ti láptọ́ọ̀pù, ti rọ́tà, ó wá yọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì fi táfọ́ọ̀lù bò ó bí ẹni bo ọmọ tó ń sùn. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, kò kú. Àwọn yòókù kú pátápátá. Lẹ́yìn náà ló jókòó tó ṣí abọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú lẹ ń ṣe báyìí, Bàbá?"

"Gbogbo ìgbà. Àrá kan sán lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ó jó fíríìjì tó wà níbẹ̀ yẹn. Gbogbo abẹ́rẹ́ ọmọdé ló bàjẹ́. Mo wá búra pé kò ní í tún ṣojú mi." Ó bu òkèlè. "Bó o ṣe ń wò mí yìí, ṣé o fẹ́ jẹ pupuru ni?"

"Mo fẹ́ wò bí ẹ ó ṣe dá wọn padà ni."

Òjò dá. Bàbá Ambrose fọ ọwọ́, ó kọ́kọ́ ki wáyà rọ́tà bọ ara ògiri. Kò tí ì tó ìṣẹ́jú kan tí fóònù Sista Vivian àti ti àwọn aláìsàn tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó lọ sídìí fíríìjì, ó lọ sídìí fáànù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fi ṣe àṣekágbá.

"Kí ló dé tí ìyẹn fi ń kẹ́yìn, Bàbá?"

"Òun ló ń pariwo jù tó bá ń jí. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn wẹ́wẹ́ jí tán kí n tó jí àgbà."

Dora dìde. "Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí fóònù yín, kí ẹ wo nọ́ḿbà tí rọ́tà fún un."

Sista wò ó. Ó parí sí mẹ́tàlélógún.

"Ẹ̀yin lẹ ń gba gbogbo èsì ìtọ̀ yẹn," ni Dora wí. Sista Vivian kígbe, ó sọ fóònù sórí tábìlì bí ẹni pé ó ti rin. Bàbá Ambrose rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá hàn kedere. Bí rọ́tà bá kú tó sì jí, yóò gbàgbé ẹni tó ti fún ní nǹkan tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gba nọ́ḿbà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń kẹ́yìn á bá ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, CUPS kò sì mọ̀. Á máa kó iṣẹ́ lọ síbi tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí orí bá bá a ṣe é tí fóònù kò pọ̀ nítòsí, ilé rẹ̀ á tún bọ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo ohun tó ti ń dúró á sì rọ́ jáde.

Dora fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní nọ́ḿbà tí rọ́tà kì í pín fún ẹnikẹ́ni, ó parí sí igba, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kó má baà máa tọrọ mọ́. Ó wọ inú láptọ́ọ̀pù, ó sọ fún CUPS pé onílé ti kó lọ sílé tirẹ̀. Ó ní kí Bàbá Ambrose yọ gbogbo wáyà kó sì dá wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ̀rọ náà jí sínú ilé igba.

Lọ́jọ́rú, ó ròyìn fún Dókítà.

"Ẹ kúkú kìlọ̀ fún baba náà kó má yọ nǹkan kan mọ́," ni Dókítà wí.

"Sà, àrá kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ohun tí Bàbá ń ṣe dáa. Ẹ̀rọ ni yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá Bàbá gbé."

Lọ́jọ́ Ẹtì, aboyún mẹ́rìnlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Erinje. Ọjọ́bọ̀ ni Sista ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí aago mẹ́wàá ku díẹ̀, yàrá àyẹ̀wò fi èsì mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí "erinje" lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà Ọláṣùpọ̀ dúró lẹ́yìn àpótí Dora, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Fóònù Dora wà lórí tábìlì, ohùn Sista ń jáde nínú rẹ̀.

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta... Mà, òjò ti ń ṣú níbí o. Ẹ̀rin. Àrún..."

Wọ́n gbọ́ bí sánmà ṣe ń kùn nínú fóònù.

"Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ ti ń... Bàbá! Bàbá, ẹ dúró, ìwé wà lẹ́nu rẹ̀!"

Ohùn Bàbá Ambrose wọlé láti ọ̀ọ́kán: "Ṣé àrá máa dúró de ìwé ni?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Òjò dé. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo aláìsàn méjì. Dora kò kúrò lórí àpótí.

Bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, òjò dá, Dókítà sì ti padà dé. Bàbá Ambrose ji rọ́tà, ó ji àwọn wẹ́wẹ́, ó ji àgbà. Sista ní ẹ̀rọ ti pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìwé kan kò jáde.

"Mà, ìdajì ìwé kẹjọ ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí n fà á yọ?"

"Ẹ fà á yọ jẹ́jẹ́."

Àwọn obìnrin méje ló kù lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ó kan ilẹ̀kùn nọ́ḿbà igba. Onílé dáhùn, àmì rẹ̀ pé. Kí ló wá kù? Ó gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì, ó tẹ lpstat, ó bi láptọ́ọ̀pù bí ìlà ìtẹ̀wé ṣe wà, ó sì ka ìdáhùn rẹ̀ dé ìlà ìparí.

Ibẹ̀ ló wà. CUPS ní òun ti ti ìlà náà pa láti ìgbà tí wọ́n ti já iṣẹ́ gbà mọ́ òun lọ́wọ́ láàárín méjì. Ẹ̀rọ kò tí ì kú rí nígbà tí ìwé wà lẹ́nu rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Dora kò fi mọ̀ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní í ṣí i títí èèyàn yóò fi wá ṣí i.

"Ẹ ti rí i?" ni Dókítà bi í.

"Mo ti rí i, sà. Ó ti ilẹ̀kùn ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n ó tẹ̀, yóò ṣí."

"Ó dáa. Ẹ ṣí i, kí àwọn obìnrin yẹn máa lọ ilé."

Ọwọ́ Dora ti wà lórí bọ́tìnnì. Ó gbé e kúrò.

"Sà, bí mo bá kàn ṣí i báyìí, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí n kò bá sí níbí ńkọ́?"

Dora ṣí ìwé rẹ̀ síbi tó ti da ọ̀rọ̀ ìtọ́nisọ́nà kọ lóṣù méjì sẹ́yìn. Ó rí i: ìlànà kan wà tí èèyàn lè fi sọ fún CUPS ohun tó yẹ kó ṣe bí iṣẹ́ bá já. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kó má ti ilẹ̀kùn mọ́; kó dúró díẹ̀, kó sì tún iṣẹ́ kan náà gbìyànjú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù.

"Sista, ẹ ní kí Bàbá Ambrose lọ dúró sídìí wáyà. Mo fẹ́ ṣí ìlà. Bí ìwé kejì bá ti dé ìdajì, kó yọ gbogbo wáyà bó ṣe yọ wọ́n láàárọ̀."

"Kó yọ ọ́? Mà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà ni!"

"Dora!" Bàbá Ambrose ti gba fóònù. "Òjò ti dá. Kí ni n ó tún yọ ọ́ sí?"

"Ẹ bá mi yọ ọ́, Bàbá. Ẹ ṣe bí ẹni pé àrá fẹ́ sán."

"Èmi kì í fi àrá ṣeré o." Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sídìí ògiri.

"Ìyá Tẹniọlá," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́, "ohun tó fẹ́ yọrí lẹ tún fẹ́ já yìí?"

"Bí kò bá lè yọrí lẹ́yìn tí mo bá já a, sà, kò tí ì yọrí."

Ó ṣí ìlà. Èsì kẹjọ tún ara rẹ̀ tẹ̀ láti òkè, ó jáde odindi. Ìkẹsàn-án yọ orí. Wọ́n gbọ́ ariwo Sista, wọ́n gbọ́ ìró wáyà tó já, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Bí rọ́tà ṣe kú, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ já, Dora kò rí inú láptọ́ọ̀pù mọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí tábìlì, ó kó wọn sí itan, níbi tí Dókítà ti lè rí wọn.

"Ẹ dá wọn padà, Bàbá. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ má yí i padà."

Rọ́tà. Fóònù àwọn èèyàn ń dún. Fíríìjì. Fáànù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kígbe, ó mira, ó dákẹ́.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Dora ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, nínú fóònù, ohun kan fa ìwé wọlé. Ìró rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń ya aṣọ lọ́nà jínjìn.

"Ẹ̀sán," ni Sista Vivian wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Odindi ni, Mà. Ẹ̀wá. Ọ̀kànlá. Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀! Èjìlá..."

Ó kà á dé ẹ̀rìnlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Wọ́n ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń dìde lórí bẹ́ǹṣì, bí wọ́n ṣe ń dáhùn, bí ọ̀kan ṣe ń béèrè bóyá òun lè máa lọ ilé lónìí gan-an. Sista ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dora ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle. Ó kọ déètì àti aago. Lábẹ́ "Òjò" ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó kọ "mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìnlá", ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Dókítà Ọláṣùpọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó wo àpótí tí Dora jókòó lé.

"Ìyá Tẹniọlá, níbo ni àga yín wà?"

"Yàrá káàdì, sà."

"Ẹ lọ gbé e wá."

Ó jáde. Dora kò tí ì dìde tán tí ohùn Bàbá Ambrose fi tún bú jáde nínú fóònù. "Dora ọmọ Philemon! Ṣé kí n tún yọ ọ́ ni?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó di ìgbà tí òjò bá tún ṣú."